Àga tí Wọ́n Fi Du Àkọ́bí Obìnrin

Lọ́jọ́ tí Mọ́nsúrátù Akínṣọlá kọ́kọ́ wọ ilé Mama Philippa ní Clear Lake ní Houston, ọba ló pe àwọn tó wà lára ògiri. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé náà gùn gbọọrọ. Àwòrán ọkùnrin méje tò sí i lápá ọ̀tún, gbogbo wọn nínú férémù aláwọ̀ wúrà, gbogbo wọn pẹ̀lú imú gígùn kan náà, wọ́n ń wò ó láti òkè bí ẹni pé ó ti pẹ́ jù kó tó débi iṣẹ́. Kó tó mọ̀, ẹnu rẹ̀ ti sọ ọ́: “Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin bàbá.” Orúnkún rẹ̀ náà ti tẹ̀ díẹ̀.

Ẹ̀rín bú láti inú yàrá ìpẹ̀kun. Òyìnbó arúgbó kan tó tẹ́ẹ́rẹ́ bí ọ̀pá ló jókòó síbẹ̀, ó gbé irun funfun rẹ̀ ká orí bí òwú.

“Kí lo sọ fún wọn?”

“Mo kí wọn ni, mà.”

“Má kí wọn mọ́. Olóṣèlú ni gbogbo wọn. Bí o bá kí wọn, wọ́n á ní kí o dìbò fún àwọn.”

Mọ́nsúrátù ti pé ọmọ ọdún mẹ́rìnléláàádọ́ta nígbà náà. Ọmọ Ìwó ni. Ó ti lo ọdún mọ́kàndínlógún ní Houston, òun àti Rahmon ọkọ rẹ̀ tó ń kọ́ àwọn ọmọ girama ní ìṣirò. Apartment ni wọ́n ń gbé ní Sharpstown, níbi tí èèyàn ti lè gbọ́ èdè mẹ́fà kó tó dé ìdí ọkọ̀ rẹ̀ láàárọ̀. Iṣẹ́ ìtọ́jú àgbàlagbà ló ń ṣe láti ìgbà tó ti dé. Ó ti wẹ adájọ́, ó ti fi ṣíbí bọ́ ọ̀gágun tó fẹ̀yìn tì, ó sì ti di ọwọ́ ìyá kan mú títí ẹ̀mí fi bọ́ lára rẹ̀. Àwọn tó rán an wá sí Clear Lake ti kìlọ̀ fún un. Wọ́n ní èèyàn mẹ́ta ló ti sá fún mama yẹn láàárín oṣù mẹ́rin, nítorí ẹnu wọn mú.

“Ẹnu ìyá mi náà mú,” ni Mọ́nsúrátù fi dá wọn lóhùn.

Ọmọ ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rùn-ún ni Mama Philippa. Andrew, ọkọ wọn, ọmọ Texas níbí, jẹ́ enjinníà ní ibùdó ìwádìí òfurufú kó tó di pé ó fẹ̀yìn tì, ó sì ti kú láti ọdún mọ́kànlá sẹ́yìn. Wọn ò bímọ. Kò sí ẹlòmíì nínú ilé náà ju Mama, ológbò kan tó fọ́jú, àti àwọn ọkùnrin méje lára ògiri. Orúkọ Mọ́nsúrátù kò yí lẹ́nu Mama, wọ́n gé e kúrú, wọ́n ń pè é ní Mọ́nsù. Inú Mọ́nsúrátù dùn sí i, nítorí kò sẹ́ni tó tún ń gé orúkọ rẹ̀ kúrú fún un láti ìgbà tí ìyá rẹ̀ ti kú.

Dókítà ti pàṣẹ pé kí Mama máa rin ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà ní àlọ àti àbọ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta lójúmọ́ kí eékún wọn má baà gan. Mọ́nsúrátù á di ìgbànú wọn mú lẹ́yìn, wọn á fi ọ̀pá ṣáájú, wọn á rìn díẹ̀, wọn á dúró mí. Níwájú àwòrán ni wọ́n ti ń dúró. Bí wọ́n bá sì ti dúró, ìtàn dé nìyẹn. Kí oṣù méjì tó pé, Mọ́nsúrátù ti mọ ìdílé Calderby tó bí Mama bí ẹni mọ ará ilé rẹ̀.

Ìdílé ọlọ́lá ni wọ́n ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọba kan ló fi oyè “Sir” ta ìran wọn lọ́rẹ láyé àtijọ́, àkọ́bí ọkùnrin ló sì ń jogún rẹ̀ lọ́wọ́ baba. Ìjókòó ilé aṣòfin kì í ṣe ohun ìjogún ní tiẹ̀, àwọn ará àgbègbè ló ń dìbò sí i. Síbẹ̀, fún nǹkan bí àádọ́rùn-ún ọdún, bí Calderby kan bá dìde lórí àga náà, lọ́pọ̀ ìgbà, Calderby mìíràn ni wọ́n ń rí lórí rẹ̀.

Ọ̀kan wà nínú wọn tó yí ẹgbẹ́ òṣèlú padà lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ìgbàkígbà tó bá ti yí, ìyàwó rẹ̀ á ní kí wọ́n fi àwọ̀ ẹgbẹ́ tuntun kun géètì ilé, títí ọlọ́dà fi ní òun ò wá mọ́ àfi bí ọ̀gá bá kọ́kọ́ búra pé èyí ni ìkẹyìn. Sir Ambrose, bàbá àgbà Mama, ni Mama fẹ́ràn jù. Ẹ̀ẹ̀mejì ni bàbá yìí fìdí rẹmi kí wọ́n tó wọlé. Wọ́n ní mọ́tò, ṣùgbọ́n kẹ̀kẹ́ ni wọ́n ń gùn kiri àgbègbè wọn, ojúlé dé ojúlé, pẹ̀lú ìwé kékeré kan nínú àpò. Ohun tí ẹnì kọ̀ọ̀kan bá sọ ni wọ́n ń kọ sí i: màlúù ta ló ń ṣàìsàn, ọmọ ta ni kò tíì dé láti ojú ogun, afárá wo ni omi ti gbé lọ.

Bàbá tó bí Mama gan-an, Sir Godfrey, di mínísítà.

“Nílé aṣòfin, oyin ni ohùn wọn,” Mama ní. “Nílé, àwa ọmọ ní láti kọ lẹ́tà sí akọ̀wé wọn ká tó lè rí wọn. Mo kọ ọ́ nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́sàn-án. Mo ní, ‘Ọ̀gbẹ́ni, mo fẹ́ rí bàbá mi lórí ọ̀rọ̀ ajá mi tó kú.’ Wọ́n fún mi ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá, lọ́jọ́bọ̀.”

Mọ́nsúrátù bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Nígbà tó wo ojú Mama, ó fi ọwọ́ pa wọ́n lẹ́yìn.

Rupert, àbúrò Mama, ló wà nínú àwòrán keje. Níwájú òun nìkan ni Mama kì í ti í dúró. Bó ti wù kó rẹ̀ wọ́n tó, wọn á fi ọ̀pá gbálẹ̀ kọjá.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí òjò Houston ń rọ̀ bí ẹni pé wọ́n gbé òkun yí, agbára wọn pin síbẹ̀. Mọ́nsúrátù sáré fa àga wá, ó sì bi wọ́n léèrè bóyá ikú ló mú ọ̀gbẹ́ni yìí.

“Kò kú,” Mama ní. “Ó wà láyé. Èmi ni mi ò bá a sọ̀rọ̀.”

Wọ́n wá ro ìtàn náà. Nígbà tí Mama wà lọ́mọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, ìdìbò ku ọjọ́ mẹ́ta, ohùn Sir Godfrey há pátápátá. Wọ́n ní kí Philippa lọ bá wọn ka ọ̀rọ̀ wọn ní gbọ̀ngàn ìlú. Ó ka ojú ìwé kan, ó wo àwọn èèyàn, ó rí i pé oorun ti ń kùn wọ́n. Ló bá gbé ìwé náà sílẹ̀, ó ń bá wọn sọ̀rọ̀ bí bàbá àgbà rẹ̀ ṣe máa ń ṣe, nípa ọ̀nà wọn, nípa ilé ìwòsàn wọn, nípa àwọn ọmọ wọn tí kò ríṣẹ́. Gbogbo gbọ̀ngàn dìde. Ọkùnrin àgbà tó ń ṣètò ìdìbò fún ìdílé náà lọ bá Sir Godfrey, ó ní, “Lọ́jọ́ tí ẹ bá fẹ̀yìn tì, ọmọ yín obìnrin yìí ni kí ẹ fà kalẹ̀.”

“Bàbá mi rẹ́rìn-ín,” Mama ní. “Kò bínú rárá, ìyẹn ló dùn mí jù. Ó ní àga náà ti ní ẹni tó ni ín. Rupert! Ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún. Ẹyẹ ló ń kà kiri etí òkun ní erékùṣù kan, ìyẹn nìkan ló fẹ́ láyé. Ọdún méjì lẹ́yìn ìgbà náà, wọ́n fà á kúrò níbẹ̀ bí ẹni fa ewúrẹ́, wọ́n wọ̀ ọ́ ní kóòtù, wọ́n gbé e ka orí àga. Andrew wá kẹ́kọ̀ọ́ ní London lọ́dún yẹn. Mo tẹ̀lé e wá síbi tí ẹnikẹ́ni ò mọ ohun tí Calderby ń jẹ́.”

“Ẹ wá bá àbúrò yín jà nítorí àga?”

“Rárá o. A ṣì ń sọ̀rọ̀. Lẹ́tà tí mo kọ ló bà á jẹ́.”

Rupert ti di mínísítà bíi bàbá rẹ̀ nígbà tí ìjọba fẹ́ ti ilé ìwòsàn kékeré kan ní àgbègbè wọn, èyí tí Sir Ambrose fi ẹsẹ̀ ara wọn rìn títí wọ́n fi kọ́ ọ. Rupert fọwọ́ sí i. Mama jókòó ní Clear Lake, wọ́n kọ̀wé sí ìwé ìròyìn ìlú wọn pé ohun tí bàbá àgbà kọ́, ọmọ ọmọ ń tì í. Àwọn alátakò tẹ lẹ́tà náà, wọ́n pín in ká ojúlé. Ìbò igba ó lé méjìlá ni Rupert fi pàdánù. Nígbà tó yá, ọmọ rẹ̀ dìde, ó gba àga náà padà fún ìdílé, ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ò tún gbọ́ ohùn ara wọn mọ́. Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n nìyẹn.

Mọ́nsúrátù mi orí. “Mama, ọmọ ìyá yín ni.”

Ojú Mama yí. “Máa lọ sílé.”

“Iṣẹ́ mi ṣì ku wákàtí méjì, mà.”

“Mo ní kí o máa lọ.”

Ó lọ. Lójú ọ̀nà ńlá freeway tí ọkọ̀ ti dì pọ̀, ó ń ronú pé òun ni yóò di ẹnì kẹrin tó sá. Lọ́jọ́ kejì tó ṣílẹ̀kùn, ó bá Mama nídìí tábìlì. Fúnra wọn ni wọ́n po tíì fún òun àti Mọ́nsúrátù, ìdajì rẹ̀ ti dà sínú àwo abẹ́ ife. Ẹnikẹ́ni ò bẹ ẹnikẹ́ni. Mọ́nsúrátù jókòó, ó mu tíì tútù náà tán, ó ní ó dùn.

Bẹ́ẹ̀ ni àwọn méjèèjì ṣe di ara wọn mú. Ìgbà tó wá di oṣù kẹfà ọdún náà, ọ̀rọ̀ òṣèlú kan Mọ́nsúrátù fúnra rẹ̀.

Ní Houston, ẹni tí kò lè wa ọkọ̀ dà bí ẹni tí wọ́n dè lẹ́sẹ̀. Ọ̀pọ̀ àgbàlagbà tí àwọn ọmọ wọn mú wá láti Nàìjíríà ló wà nílé látàárọ̀ dalẹ́. Ọdún kẹrin rèé tí Mọ́nsúrátù àti àwọn obìnrin márùn-ún ti ń fi ọkọ̀ tiwọn gbé irú àwọn bẹ́ẹ̀ lọ sí mọ́sáláṣí àti ọsibítù. Ẹgbẹ́ Mùsùlùmí Yorùbá tí wọ́n ń ṣe ní Sharpstown sì ní bọ́ọ̀sì kan, tí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ dáwó rà nítorí àwọn arúgbó yìí gan-an. Ẹ̀yìn mọ́sáláṣí ni bọ́ọ̀sì náà ń gbé. Àfi bí àwọn ìgbìmọ̀ bá fẹ́ lọ sóde ló tó ń mira.

Mọ́nsúrátù dìde nípàdé, ó bèèrè ìdí rẹ̀.

Àlàájì Hameed ni alága. Ẹ̀gbọ́n wọn ló dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, àwọn ló gbà á lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n, ọdún kejìlá wọn nìyí. Èèyàn ọ̀yàyà ni wọ́n, kò sí ìsìnkú tí wọn kì í dé, ṣùgbọ́n wọn ò fẹ́ ìbéèrè. Wọ́n ní, “Àbúrò mi obìnrin, jókòó. Bí Súnkànmí bá gbàjọba ní oṣù kẹwàá, yóò yẹ̀ ẹ́ wò.” Súnkànmí ni àkọ́bí wọn. Kò sẹ́ni tó dìbò, gbogbo ènìyàn kàn mọ̀ pé òun ló kàn.

Lọ́jọ́ kejì, Mama wo ojú Mọ́nsúrátù lẹ́ẹ̀kan, wọ́n ní, “Ta ló ní kí o jókòó?”

Ó ya Mọ́nsúrátù lẹ́nu. “Báwo lẹ ṣe mọ̀?”

“Mo mọ ojú ẹni tí wọ́n ní kó jókòó. Sọ fún mi.”

Nígbà tó sọ ọ́ tán, Mama na ọ̀pá sí àpótí ìwé, wọ́n ní kó mú ìwé kékeré kan wá nínú àwọn tí kò tíì ní nǹkan kan nínú. Wọ́n ní ó gbọ́dọ̀ du ipò alága. Mọ́nsúrátù ní òun kì í ṣe olóṣèlú. Mama ní ohun tí Sir Ambrose náà sọ nìyẹn. Nílé, Muslimat ọmọ rẹ̀ tó wà ní yunifásítì fò sókè: “Mummy, go for it! Ẹ lè ṣe é, ẹ̀yin tí ẹ máa ń bá gbogbo wa wí.” Rahmon ò sọ púpọ̀, ó kàn bẹ̀rẹ̀ sí í se oúnjẹ alẹ́ láìjẹ́ pé ẹnì kan bẹ̀ ẹ́.

Ọ̀dẹ̀dẹ̀ Clear Lake wá di ilé ẹ̀kọ́. Bí wọ́n bá ti ń rìn ni Mama ń kọ́ ọ.

“Bí o bá dé ilé wọn, má sọ̀rọ̀. Bi wọ́n léèrè ohun tó ń dùn wọ́n, kí o wá pa ẹnu mọ́. Ìyẹn ló le jù. Bàbá mi ò lè ṣe é títí tó fi kú. Má sì ṣèlérí ohun tí kò sí níkàáwọ́ rẹ.” Lẹ́yìn náà, wọ́n á ní kó sọ̀rọ̀ níwájú àwọn àwòrán. “Ohùn rẹ ń sá wọ ọ̀fun. Ọkùnrin tó wà lókè yẹn ni kí o bá sọ̀rọ̀. Adití ni.”

Ilé mẹ́tàlélógójì ni Mọ́nsúrátù wọ̀ láàárín oṣù mẹ́ta. Ní Katy, ìlú kan lẹ́bàá Houston, ó bá bàbá kan, ẹni ọgọ́rin ọdún, nínú ilé tuntun tó ní yàrá mẹ́fà. Aago mẹ́fà àárọ̀ ni ọmọ àti ìyàwó ọmọ ń jáde, nítorí ọ̀nà ibi iṣẹ́ jìn. Nígbà tó bi bàbá yìí léèrè ohun tó ń dùn wọ́n, wọ́n ronú pẹ́, wọ́n ní, “Ohùn mi. Bí mo bá kí àwọn ọmọ káàbọ̀ nírọ̀lẹ́, ó máa ń ha mí lọ́fun, torí láti àárọ̀ mi ò tíì lò ó.” Mọ́nsúrátù kọ ọ́ sílẹ̀. Ó jókòó sínú ọkọ̀ fún ìgbà díẹ̀ kó tó lè wà á.

Láàárín ìgbà yẹn ni wọ́n dìbò ní ìlú Mama nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Mọ́nsúrátù dé láàárọ̀, ó bá wọn níwájú tábùlẹ́ẹ̀tì, wọn ò tíì fọwọ́ kan oúnjẹ. Ọmọ Rupert ti pàdánù. Obìnrin ọlọ́kọ̀ akẹ́rù kan ló gba àga náà, kò sì sí Calderby kankan nílé aṣòfin mọ́.

“Ó yẹ kí n máa jó,” Mama ní. “Obìnrin ló gbà á, Mọ́nsù. Obìnrin.” Omi sì ń dà lójú wọn pòròpòrò.

Mọ́nsúrátù fún wọn ní aṣọ ìnujú. “Ta lẹ ń sunkún fún?”

“Ó máa jókòó síbi kan nísinsìnyí, á máa rò pé òun ló ba iṣẹ́ gbogbo wọn jẹ́. Mo mọ Rupert.”

“Ẹ pè é.”

“Mi ò ní nọ́ńbà rẹ̀.”

“Irọ́ nìyẹn, mà. Ó wà nínú ìwé pupa tó wà nínú dúrọ́ọ̀ yín. Ẹ̀yin lẹ fọwọ́ ara yín kọ ọ́.”

Mama gbé fóònù lé e lọ́wọ́. Mọ́nsúrátù tẹ̀ ẹ́, ó gbé fóònù sórí tábìlì kí ohùn lè jáde síta. Ó fẹ́ kúrò níbẹ̀, Mama di apá aṣọ rẹ̀ mú. Fóònù dún pẹ́. Ohùn ọkùnrin arúgbó kan jáde tòun ti ikọ́.

“Ta nìyẹn?”

Mama sún mọ́ fóònù, wọ́n mí sínú rẹ̀.

“Pip?” ni ohùn náà wí, bó ṣe ń gé Philippa kúrú láti kékeré.

“Èmi ni, Rupert.”

Orúkọ ni wọ́n ń pe ara wọn bẹ́ẹ̀ gbalasa, torí òyìnbó ò mọ ẹ̀gbọ́n mi àbúrò mi. Ṣùgbọ́n Mọ́nsúrátù gbọ́ ọmọ ìyá nínú ohùn méjèèjì.

“Mo kọ lẹ́tà yẹn,” Mama ní.

“Mo mọ̀. Òótọ́ ló wà nínú rẹ̀. Ìdí tí mo fi bínú tó bẹ́ẹ̀ nìyẹn.” Rupert wúkọ́. “Pip, mi ò fẹ́ àga yẹn rí. Kódà fún ọjọ́ kan ṣoṣo. Ẹyẹ mi ni mo fẹ́.”

“Kí ló dé tí o ò sọ?”

“Ta ni n bá sọ ọ́ fún? Kò sẹ́ni tó bi mí. Ìwọ náà ò bi mí. O kàn bínú lọ sí Texas.”

Mama mi kanlẹ̀.

“Mo wà lẹ́yìn gbọ̀ngàn lọ́jọ́ tí o sọ̀rọ̀,” Rupert tún ní. “Nígbà tí mo délé, mo kọ gbogbo èyí tí mo rántí sílẹ̀. Òun ni mo fi kọ́kọ́ wọlé ìdìbò. Ọ̀rọ̀ rẹ ni wọ́n dìbò fún. Ó yẹ kí n ti sọ fún ọ láti ọgọ́ta ọdún.”

Wọ́n sọ̀rọ̀ fún wákàtí kan àti ààbọ̀. Mọ́nsúrátù gbé oúnjẹ gbígbóná wá, Mama jẹ ẹ́ tán láìmọ̀ pé àwọn ń jẹun.

Ọ̀rọ̀ kan nínú gbogbo èyí kò kúrò létí Mọ́nsúrátù: kò sẹ́ni tó bi mí. Ilé Súnkànmí ò jìnnà sí ti Mama, enjinníà lòun náà ní Clear Lake. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, Mọ́nsúrátù yà síbẹ̀. Ó bá a nílẹ̀ẹ́lẹ̀, àwọn ìbejì ọlọ́dún méjì ń gun ẹ̀yìn rẹ̀.

“Súnkànmí, ọmọ mi, ìbéèrè kan ni mo ní. Ipò alága yìí, ṣé o fẹ́ ẹ?”

Ó wo ẹnu ọ̀nà bí ẹni pé bàbá rẹ̀ wà níbẹ̀. “Aunty, kò sẹ́ni tó bi mí bẹ́ẹ̀ rí.”

“Èmi ti bi ọ́.”

“Mi ò fẹ́ ẹ. Ìyàwó mi ń ṣiṣẹ́, àwọn ọmọ rèé. Ìpàdé kan kì í tán ní wákàtí mẹ́rin. Àmọ́ báwo ni mo ṣe fẹ́ wo ojú Daddy kí n sọ bẹ́ẹ̀? Ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni o, Aunty.”

Mọ́nsúrátù mọ̀ pé bí òun bá tú ọ̀rọ̀ yìí sí ìta, ìdìbò ti parí nìyẹn. Ó rò ó títí tó fi dé Sharpstown. Àmọ́ àwọn arúgbó méjì tó sọ̀rọ̀ lórí fóònù ló ń rò jù. Ó pe Súnkànmí, ó ní, “Lọ sọ fún bàbá rẹ fúnra rẹ. Bí o bá fẹ́, mo lè bá ọ lọ.”

Lọ́jọ́ Sunday, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, àwọn méjèèjì jókòó níwájú Àlàájì. Súnkànmí dọ̀bálẹ̀, ó sì sọ ọ́. Àlàájì ò wo ọmọ wọn, Mọ́nsúrátù ni wọ́n kọjú sí.

“Ìwọ lo kọ́ ọ. O rí i pé o ò lè borí rẹ̀, o wá wọ inú ilé mi.”

“Àlàájì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú.” Ó wá ro ìtàn Rupert fún wọn láìdárúkọ ẹnikẹ́ni, bí bàbá kan ṣe fi ẹ̀wù tí kò bá ọmọ mu wọ̀ ọ́, bí ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ṣe lo ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n láìsọ̀rọ̀. “Mi ò fẹ́ kí Súnkànmí di ẹni ọgọ́rin ọdún kó tó sọ ohun tó wà nínú rẹ̀.”

Àlàájì nawọ́ sí ẹnu ọ̀nà. Wọ́n ní, “Ẹ máa lọ.”

Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn rẹ̀, orúkọ Súnkànmí kúrò nínú ìwé ìdìbò, ti Àlàájì fúnra wọn rọ́pò rẹ̀. Rahmon fọwọ́ gbá orí. “Ò bá borí ọmọ yẹn wọ́ọ́rọ́wọ́. Àlàájì Hameed ńkọ́?”

“Mo mọ̀,” Mọ́nsúrátù ní.

Nígbà tí Mama gbọ́, wọ́n kọ́kọ́ fi ọ̀pá lu ilẹ̀. “O fi ọwọ́ ara rẹ fún un lẹ́ṣin gùn!” Wọ́n wá gbójú sókè wo Sir Ambrose. “Bí òun náà ṣe máa ṣe é nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ náà ló sì máa fìdí rẹmi.”

Ní ọjọ́ ìdìbò, Mama ní dandan, àwọn ń lọ. Muslimat bá wọn wé gèlè, ó yọ̀ síwájú orí lẹ́ẹ̀mẹ́rin kó tó dúró. Àárín àwọn obìnrin ni wọ́n jókòó sí, wọn ò gbọ́ Yorùbá, síbẹ̀ àwọn ni wọ́n ń pàtẹ́wọ́ ju gbogbo èèyàn lọ. Ọ̀rọ̀ Mọ́nsúrátù kò gùn. Ó ṣí ìwé kékeré rẹ̀, ó ka ohun tí wọ́n sọ fún un nílé mẹ́tàlélógójì, láìdárúkọ. Nígbà tó ka ti ẹni tí ohùn rẹ̀ ń ha, àwọn ọmọ kan nínú gbọ̀ngàn bẹ̀rẹ̀ sí í wolẹ̀.

Wọ́n ka ìbò. Àlàájì ní mọ́kànléláàádọ́rin, Mọ́nsúrátù ní mẹ́rìnlélọ́gọ́ta.

Ó dùn ún. Kò ní purọ́, ó dùn ún wọ egungun. Mama gbá ọwọ́ rẹ̀ mú. “Ìdìbò mọ́kànlá ni ìdílé mi ti pàdánù,” ni wọ́n sọ sí i létí. “Àwòrán ìyẹn ni wọn kì í gbé kọ́.”

Àlàájì Hameed ti dìde. Gbogbo ènìyàn rò pé wọ́n fẹ́ dúpẹ́ ni.

“Ọdún kejìlá rèé,” wọ́n ní, “ẹnikẹ́ni ò mú mi làágùn rí, àfi lónìí. Obìnrin yìí wá bá mi nílé. Ó mọ ohun tó lè fi borí wa, kò lò ó. Ọmọ mi ló gbà sílẹ̀ lọ́wọ́ mi. Mo lé e jáde.” Ohùn wọn wúwo. Wọ́n tọwọ́ bọ àpò agbádá, wọ́n fa kọ́kọ́rọ́ bọ́ọ̀sì yọ. “Mọ́nsúrátù, láti òní lọ, ọ̀rọ̀ àwọn àgbàlagbà ẹgbẹ́ wa di tìrẹ. Ẹni tó bá fẹ́ gbé bọ́ọ̀sì lọ sóde, ìwọ ni kó wá bẹ̀. Tó fi mọ́ èmi.”

Súnkànmí ló fi kọ̀ǹpútà ṣètò bí bọ́ọ̀sì yóò ṣe máa yí ìlú ká, iṣẹ́ tó lè jókòó ṣe nílé pẹ̀lú àwọn ìbejì lórí itan. Ọjọ́ Tuesday àti ọjọ́ Jímọ̀ ni wọ́n ń dé Katy. Bàbá ẹni ọgọ́rin ọdún yẹn ti wá di aláriwo inú bọ́ọ̀sì, àwọn tó kù ní kí wọ́n dákẹ́ díẹ̀, bàbá kọ̀.

Ẹ̀dọ̀fóró Rupert kò jẹ́ kó lè wọ ọkọ̀ òfurufú. Ní oṣù kẹrin ọdún tó tẹ̀lé e, Mama ní àwọn ló máa lọ bá a nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Mọ́nsù ló sì máa mú àwọn lọ. Ilé tí wọ́n bá kì í ṣe ààfin rárá. Wọ́n ti ta ilé ńlá ìdílé tipẹ́. Ilé kékeré kan létí òkun ni Rupert ń gbé, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà àbáwọlé, ó gbé awò tó fi ń wo ẹyẹ kọ́ ọrùn, imú rẹ̀ sì gùn bí ti gbogbo wọn. Wọn ò dì mọ́ra. Mama na ọwọ́, ó gbà á, wọn ò sì fi ara wọn sílẹ̀ títí wọ́n fi wọlé.

Ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n lò níbẹ̀. Lọ́jọ́ kẹta, Mọ́nsúrátù wà ní ilé ìdáná, ó ń gbọ́ ohùn wọn láti inú ọgbà, ó ń lọ sókè. Ìdìbò tí wọ́n dì ní ọgọ́ta ọdún sẹ́yìn ni wọ́n ń jà sí. Mama ń fi ọ̀pá lu ilẹ̀. Rupert ní kò sí òótọ́ kankan nínú ohun tí Mama ń sọ, ó sì ń bu búrẹ́dì fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bó ti ń wí bẹ́ẹ̀.

Mọ́nsúrátù gbé fóònù, ó pe Rahmon.

“Wọ́n ti ń jà o.”

“Yéè! Ṣé kò sí wàhálà?”

“Kò sí. Ó dára gan-an ni,” Mọ́nsúrátù ní, ó sì gbé ìkòkò tíì kaná.